Ìtàn Ìgbésí-Ayé Friedlieb Ferdinand Runge, Ẹni tí ó Kọ́kọ́ Yọ Kábólíìkì Jáde láti inú Ọ̀dà

Ẹni tí ó bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ó sì kọjú sí ìhà ìlà oòrùn títí dé àgbègbè Òkìtìpupa, orí ilẹ̀ tí ọ̀dà wà nínú rẹ̀ ni yóò máa rìn. Ilẹ̀ ọ̀dà yìí gùn tó kìlómítà 120, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ púpọ̀. Ní ibòmíràn ọ̀dà náà jìn sísàlẹ̀. Ní ibòmíràn, bí i ní Agbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó ń sun jáde fúnra rẹ̀, ó dúdú, ó ki, ó sì ń rọ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti wá gbẹ́ ilẹ̀ ní àgbègbè náà láti wá epo. Àwọn ènìyàn náà ti lọ tipẹ́, ọ̀dà kò lọ síbì kan.

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì tún dìde pé kí á wa ọ̀dà yìí, ìbéèrè kan wà tí ẹni tí ń pọn omi ní odò àti ní kànga ní ẹ̀tọ́ láti béèrè: kí ni yóò bọ́ sínú omi wa? Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn ayẹ̀omiwò ń wá nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni fínọ́ọ̀lù, èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí kábólíìkì nítorí ọṣẹ pupa olóòórùn líle tí a fi í ṣe. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí á sọ ìtàn ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ yọ nǹkan náà jáde. Ọ̀nà tí ó gbà rí i kò jìnnà rárá sí ọ̀nà tí a fi ń wá a nínú omi lónìí.

A bí Friedlieb Ferdinand Runge ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1794 ní abúlé Billwerder, lẹ́bàá ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì. Àlùfáà ìjọ Luther ni baba rẹ̀. Owó kò pọ̀ nínú ilé náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ ilé-ìwé kékeré nìkan ni ọmọ náà gbà, tí wọ́n sì fi í sí ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan tí ó ní ilé apòògùn ní ìlú Lübeck. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń gún egbò, bí a ti ń fún omi ewé, bí a ti ń sẹ́ ẹ, bí a sì ti ń wọn oògùn lórí ìwọ̀n títí ọwọ́ yóò fi mọ ìyàtọ̀ tí ojú kò mọ̀. Àwa tí ó jẹ́ pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ni a ti bẹ̀rẹ̀ lè sọ láìṣe ìgbéraga pé ìpìlẹ̀ tirẹ̀ kò ga ju tiwa lọ.

Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, omi ewéko olóró kan ta sí i lójú. Ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ríran bàìbàì. Nígbà tí ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí i pé ọmọlójú rẹ̀ ti fẹ̀ gbàràgàdà. Ẹlòmíràn ìbá bu omi bọjú kí ó sì gbàgbé. Runge kò gbàgbé. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́ ní ìgbà àgbà rẹ̀, ní ọdún 1812, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Lübeck lọ sí ogun, ó kán omi ewé náà sí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ mú lọ. Àwọn oníṣègùn ogun wo ojú náà, wọ́n ní afọ́jú ni, wọ́n sì dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà sílé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ padà bọ̀ sípò. A kò fi ìtàn yìí kọ́ ẹnikẹ́ni láti tan ìjọba jẹ. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ti fi ojú ènìyàn ṣe ohun tí a fi ń mọ̀ pé oògùn kan wà nínú omi kan.

Ní ọdún 1816 ó lọ sí Berlin láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, láti ibẹ̀ ó lọ sí Göttingen, ó sì parí sí Jena, níbi tí Döbereiner, olùkọ́ kẹ́mísìrì, gbé fẹ́ràn rẹ̀. Ìwé tí ó kọ láti gba oyè dókítà ní ọdún 1819 dá lórí àwọn ewé olóró wọ̀nyẹn. Ó fi ojú ológbò hàn pé bí omi ewé náà tilẹ̀ kéré gan-an, ọmọlójú yóò fẹ̀, a ó sì mọ̀ pé oró wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: Dókítà Olóró ni wọ́n ń pè é.

Òkìkí iṣẹ́ yìí kàn dé etí Goethe, àgbà akéwì ilẹ̀ Jámánì, tí ó tún jẹ́ ìjòyè pàtàkì ní Weimar, tí ó sì ń wá sí Jena lóòrèkóòrè. Goethe ránṣẹ́ pè é. Runge kò ní aṣọ tí ó yẹ fún irú ibẹ̀. Ó yá ẹ̀wù àti fìlà gíga, ó gbé ológbò rẹ̀ sí abíyá, ó sì la àárín ọjà kọjá bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbé ológbò la ọjà Òkè-Àjé kọjá nínú aṣọ àyálò, tí ó ń lọ sí ààfin! Ojú kan ológbò náà fẹ̀, ìkejì sì dín, gẹ́gẹ́ bí Runge ti ṣe é. Inú bàbá àgbà náà dùn. Bí àlejò rẹ̀ ti fẹ́ máa lọ, ó fún un ní páálí kan tí èso kọfí wà nínú rẹ̀, ó ní kí ó wò ó bóyá yóò rí ohun kan níbẹ̀. Runge fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ológbò náà sẹ́yìn. Láàárín oṣù díẹ̀ ó ti yọ kafeníìnì jáde nínú kọfí, ohun tí ń lé oorun lọ lójú ẹni tí ó mu ún. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣe é.

Ní ọdún 1822 ó gba oyè mìíràn ní Berlin. Ìwé tí ó kọ fún èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀lú ni, èròjà aláwọ̀ aró tí àwọn ìyá wa ti ń fi ṣe aró láti ìgbà láéláé. Lẹ́yìn èyí ó bá ọmọ ọlọ́rọ̀ kan rìnrìn àjò yí ilẹ̀ Yúróòpù ká, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Breslau, ìlú tí ó ti di Wrocław ní ilẹ̀ Poland. Ó kọ́ni níbẹ̀ títí di ọdún 1831. Iṣẹ́ olùkọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn tó, nítorí ó fẹ́ wà níbi tí a ti ń fi kẹ́mísìrì ṣe ohun tí àwọn ènìyàn ń rà lọ́jà. Ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Oranienburg, ní àríwá Berlin, tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ ìjọba Prussia.

Ní àkókò yìí a ti ń fi gáàsì tan iná ojú pópó Berlin. Èédú inú ilẹ̀ ni a fi ń ṣe gáàsì náà, irú èédú tí a wà ní Énúgù ní ilẹ̀ wa. A ó dí èédú mọ́ inú ìkòkò irin ńlá, a ó fi iná sí abẹ́ rẹ̀, gáàsì yóò bá ọ̀pá lọ sí ibi àtùpà, ọ̀dà dúdú tí ń rùn yóò sì ṣẹ́kù. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí a lè fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe. Runge ní kí wọ́n gbé e wá fún òun.

Ohun tí ó ṣe kò ṣòro láti sọ, bí ó tilẹ̀ gba sùúrù púpọ̀ láti ṣe. Ó fi iná yọ epo jáde nínú ọ̀dà. Ó da omi ẹfun sísun pọ̀ mọ́ epo náà, ó sì gbò ó fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn nǹkan inú epo náà ní ìwà ásíìdì, kò sì lè rí ẹfun kí ó má fà mọ́ ọn. Nítorí náà ó fi epo sílẹ̀, ó bá omi ẹfun lọ. Runge ya omi kúrò lára epo. Ó wá da ásíìdì tí ó lágbára jù ú lọ sí omi náà. Ẹfun gba èyí tí ó lágbára, ó sì tú èyí tí kò lágbára sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan náà yọ jáde bí epo, tí ó ń rùn, tí ó ń jó awọ ara títí awọ náà yóò fi funfun. Ó sọ ọ́ ní ásíìdì kábólíìkì, èyí tí í ṣe ásíìdì epo èédú. Ọdún 1834 ni ó tẹ ìwé lórí rẹ̀, nínú ìwé ìròyìn tí Poggendorff ń ṣe olóòtú rẹ̀, ẹni tí òun àti Runge ti jọ gbé ilé kan náà rí ní Berlin. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀ ni àwọn ará Faransé fún un ní orúkọ tí ó mú wá di fínọ́ọ̀lù.

Kábólíìkì nìkan kọ́ ni ó rí. Ó rí òmíràn tí ń sọ ègé igi páìnì tí a rẹ sínú ásíìdì di pupa bí iná. Ó pè é ní pyrrol. Ó rí òmíràn tí ń yọ àwọ̀ búlúù bí a bá da ẹfun tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i. Ó pè é ní kyanol. Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ti ń ṣe é nígbà gbogbo: yóò wá ohun tí yóò fa nǹkan náà kúrò nínú ọ̀pọ̀ ohun tí kò wúlò, lẹ́yìn náà yóò wá ohun tí yóò mú kí ó fi àwọ̀ hàn. Fífà àti fífi hàn. Láti ọjọ́ ojú ológbò ni ọ̀nà rẹ̀ ti jẹ́ èyí.

A bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí á yà bàrá díẹ̀ kúrò ní Oranienburg, kí á padà sí ọ̀dọ̀ omi wa. Ọ̀dà nìkan kọ́ ni fínọ́ọ̀lù ti ń wá. Èéfín igi ní in; ewé tí ń jẹrà ní in díẹ̀; omi ìdọ̀tí tí ń ṣàn láti ibi tí a ti ń fún epo pupa ní àwọn ẹbí rẹ̀ nínú; àwọn oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ sì ní in. Ní Alberta ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí a ti ń wa ọ̀dà ilẹ̀ irú tiwa yìí, ó wà nínú omi ìdọ̀tí tí ń ti ibi ìwakùsà jáde. Bí ó bá wà nínú odò tí a sì da kílórínì sí omi odò náà láti pa kòkòrò, kílórínì yóò bá a dàpọ̀, omi yóò sì máa tọ́ bí oògùn. Ìba kékeré rẹ̀ tó láti ba ẹnu jẹ́. Ẹni tí ó bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ mu gààrí Ìjẹ̀bú ní ọ̀sán kì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi aládùúgbò léèrè kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe omi náà.

Ṣùgbọ́n ahọ́n kì í ṣe ìwọ̀n. Nínú òfin omi mímu tí àjọ SON ti ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2007, mìlígíráàmù 0.001 ni fínọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ jù nínú lítà omi kan. Èyí ni gíráàmù kan ṣoṣo nínú lítà 1,000,000. Bí ọkọ̀ agbómi kan bá ń gbé lítà 10,000, gíráàmù kan péré, tí kò tó ìdajì ṣíbí tíì, tó láti mú omi ọkọ̀ 100 dé ẹnu ààlà òfin. Báwo ni a ó ṣe rí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, kí á sì wọ̀n ọ́n?

Ìgò dígí ni a fi ń bu omi náà, kì í ṣe ike. Lójú ẹsẹ̀ ni a ó kán ásíìdì sí i, tí a ó sì gbé e sínú yìnyín, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi a máa jẹ fínọ́ọ̀lù. Bí a bá fi ìgò náà sílẹ̀ nínú oòrùn di ọjọ́ kejì, omi tí ó léwu lè dé ilé àyẹ̀wò bí omi tí ó mọ́. Ní ilé àyẹ̀wò, a ó se omi náà, a ó sì gba ooru rẹ̀ sínú ìgò mìíràn kí ó tutù di omi, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń se ògógóró ti ń ṣe. Fínọ́ọ̀lù yóò bá ooru lọ, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí yóò ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà a ó da oògùn kan tí ń jẹ́ 4-aminoantipyrine sí i pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ potassium ferricyanide. Láti ọdún 1943 ni Emerson ti fi ọ̀nà yìí hàn. Níbi tí fínọ́ọ̀lù bá wà, àwọ̀ pupa yóò yọ.

Bí fínọ́ọ̀lù bá kéré jù, àwọ̀ náà yóò fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní rí i. Níhìn-ín ni a tún ti ṣe bí Runge. A ó da chloroform mìlílítà 25 sí ìdajì lítà omi náà, a ó sì gbò ó. Àwọ̀ pupa yóò fi omi sílẹ̀, yóò bá chloroform lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ti kó ohun tí ó fọ́n káàkiri jọ sí ojú kan ní ìlọ́po 20. Ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn àwọ̀ ni yóò wá sọ iye tí ó jẹ́. A óò sì ṣe gbogbo iṣẹ́ kan náà fún omi mímọ́ tí àwa fúnra wa ti fi ìwọ̀n fínọ́ọ̀lù tí a mọ̀ sí, kí á lè rí iye tí ó ń sọnù lọ́nà. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, nọ́ńbà tí ó kọ sílẹ̀ kò ju àfojúsùn lọ. Ọ̀nà yìí ní àbùkù tirẹ̀ pẹ̀lú: àwọn kan wà nínú ẹbí fínọ́ọ̀lù tí kì í fi àwọ̀ hàn fún oògùn yìí, kò sì lè sọ èwo ni èwo nínú àwọn tí ó fi hàn. Nítorí ìwọ̀nyí ni a ṣe ń lo ọ̀nà titun, nínú èyí tí omi ń gba inú ọ̀pá kékeré kan kọjá, tí ohun tí ó wà nínú ọ̀pá náà ń di fínọ́ọ̀lù mú, tí ẹ̀rọ ńlá kan sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ́n púpọ̀.

Kí á padà sí ọ̀dọ̀ Runge. Ó mọ̀ pé kyanol tí òun rí lè di aró tí a ó fi máa pa aṣọ láró, ó sì sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n dá iṣẹ́ ọ̀dà sílẹ̀. Wọn kò kọbi ara sí i. Lójú tiwa, èyí ni ibi tí ó dùn wá jù nínú ìtàn yìí, nítorí kì í ṣe pé ẹ̀rí kò sí. Ẹ̀rí wà nínú ìgò níwájú wọn, ó sì láwọ̀. Ní ọdún 1843 Hofmann fi hàn pé kyanol Runge àti nǹkan mẹ́ta mìíràn tí àwọn ẹlòmíràn ti rí, ohun kan náà ni gbogbo wọn, èyí tí à ń pè ní anilíìnì. Ní ọdún 1856 Perkin, ọmọ ọdún 18 ní Lọ́ńdọ̀nù, fi anilíìnì ṣe aró aláwọ̀ àlùkò, ó sì di ọlọ́rọ̀. Àwọn aró àtọwọ́dá tẹ̀lé e ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, títí dé ẹ̀lú àtọwọ́dá tí ilé-iṣẹ́ BASF gbé sí ọjà ní ọdún 1897, èyí tí ó padà wá bá àwọn aláró wa dé ẹnu ìkòkò wọn.

Ní tirẹ̀, wọ́n ta ilé-iṣẹ́ Oranienburg fún ọ̀gá tí ń ṣe alámòójútó rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ràn Runge. Ní ọdún 1852 ó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì kékeré ni ó kù fún un láti máa jẹ, èyí náà sì di ọ̀ràn àríyànjiyàn. Kò níyàwó. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ pé aláwàdà ni, pé ó fẹ́ràn oúnjẹ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè, àti pé tábìlì rẹ̀ kì í ṣòfo bí àlejò bá dé.

Ó tún máa ń mú ìwé tí ń fa tàdáwà mu, ó ń kán omi kẹ́míkà sí i lẹ́kán kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé bí ìwé náà ti ń fa omi náà mu, àwọn ohun inú rẹ̀ kì í rìn pọ̀. Ọ̀kan yóò dúró ní àárín, òmíràn yóò lọ sí etí, wọn yóò sì ya àwòrán olóbìírípo tí ó lẹ́wà bí òdòdó. Ní ọdún 1855 ó fi ìwọ̀nyí ṣe ìwé kan tí a ń pè ní Der Bildungstrieb der Stoffe. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, nítorí náà ojúlówó ìwé tí a kán omi sí ni a lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí eré àgbàlagbà. Ó di ọdún 1944 kí Martin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ìrìn omi lórí ìwé di ọ̀nà pàtó láti ya kẹ́míkà sọ́tọ̀. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1952 bọ́ sí ọwọ́ Martin àti Synge fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ olówó gọbọi tí ń ya àwọn ẹbí fínọ́ọ̀lù sọ́tọ̀, tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ìdílé kan náà ni òun náà ti wá.

Ní ọdún 1866 ó tẹ ìwé kan tí ó kọ bí lẹ́tà sí àwọn ìyá ilé, lórí bí a ti ń fi kẹ́mísìrì tọ́jú ilé: bí a ti ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ, bí a ti ń tọ́jú oúnjẹ kí ó má bàjẹ́. Ní àkókò kan náà, ní Glasgow, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Joseph Lister gbọ́ pé a fi kábólíìkì pa òórùn omi ìdọ̀tí ìlú Carlisle. Ó rò ó pé ohun tí ó dá ìjẹrà dúró nínú ihò ìdọ̀tí lè dá a dúró nínú ọgbẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kábólíìkì wẹ ọgbẹ́ àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ ní ọdún 1865. Ní ọjọ́ 16 oṣù Máàṣì ọdún 1867 ni ìwé ìròyìn The Lancet bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìròyìn Lister jáde. Runge kú ní Oranienburg ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ní ẹni ọdún 73, ibẹ̀ ni a sì sin ín sí.